Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàrin open àti close? Bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń ka fáìlì àti bó ṣe ń kọ ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Python ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kóòdù kíkọ, mo sì ti dé orí fáìlì. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo open, read, write àti close, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an tí mo bá pè wọ́n. Ẹ wo èyí ná:

```
import time
f = open("akosile.txt", "w")
for i in range(100):
    f.write("ìlà " + str(i) + "\n")
    time.sleep(1)
f.close()
```

Orí Linux ni mo ti dán an wò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo ń yẹ fáìlì náà wò láti ojú fèrèsé mìíràn: báìtì 0. Mo dúró díẹ̀, mo tún wò ó, báìtì 0 náà ni. Ìgbà tí ètò parí ni gbogbo ìlà ọgọ́rùn-ún yọ pa pọ̀. Níbo ni wọ́n wà ní gbogbo àkókò yẹn?

Ìbéèrè kejì: akosile.txt ti ní nǹkan nínú tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tó fi di òfìfo kí ètò tó kọ ìlà àkọ́kọ́ pàápàá?

Ẹ̀kẹta: mo kọ fáìlì mìíràn lórí Linux, "ọ̀rọ̀" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú rẹ̀. Ó ṣeé kà dáadáa níbẹ̀. Kóòdù kan náà lórí Windows gbé èyí jáde:

```
UnicodeDecodeError: 'charmap' codec can't decode byte 0x8d in position 2: character maps to <undefined>
```

Ẹ jọ̀ọ́, ìdí rẹ̀ ni mo ń wá, kì í ṣe kóòdù tí màá dà kọ nìkan.

ÒjòBáìtì

Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́.

write tí ẹ ń pè yẹn kò kọ nǹkan kan sórí dísìkì. Inú bọ́fà ló ń kó o sí. Bọ́fà jẹ́ àyè kan nínú mẹ́mórì ètò yín fúnra rẹ̀, Python ló yà á sọ́tọ̀ fún fáìlì náà nígbà tí ẹ ṣí i.

Ètò yín kò láṣẹ láti fọwọ́ kan dísìkì. Kernel ló ni àṣẹ yẹn, ìyẹn apá OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Linux tàbí Windows) tó ń ṣàkóso gbogbo ohun èlò inú kọ̀ǹpútà. Tí ètò bá fẹ́ kọ nǹkan, ó gbọ́dọ̀ dúró, kó gbé iṣẹ́ lé kernel lọ́wọ́, kó sì retí èsì. Ìpè bẹ́ẹ̀ là ń pè ní system call. Tí gbogbo write kéékèèké bá wá ń di system call, ètò tó fẹ́ kọ mílíọ̀nù kan ìlà yóò fi ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ ṣòfò sórí ìpè. Ìdí nìyẹn tí Python fi ń kó wọn jọ títí bọ́fà yóò fi kún, kó tó pe kernel lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ṣírò tiyín wò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Python, báìtì 8192 ni bọ́fà ń gbà. Nínú "ìlà 0", ì gba báìtì 2, l gba 1, à gba 2, àlàfo 1, nọ́ńbà 1, òpin ìlà 1. Àpapọ̀ rẹ̀ 8. Láti "ìlà 10" lọ, ó di 9. Ìlà mẹ́wàá tó jẹ́ 8 àti àádọ́rùn-ún tó jẹ́ 9, báìtì 890 péré ni gbogbo iṣẹ́ yín. Bọ́fà kò sún mọ́ kíkún rárá. close ló tú u jáde.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ lo strace, ètò orí Linux tó ń fi system call tí ètò mìíràn ń pè hàn:

```
strace -e trace=openat,write,close python3 eto.py
```

Python á kọ́kọ́ ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì tirẹ̀, ẹ má ṣe ka ìyẹn sí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ẹ ó rí write kan ṣoṣo tó parí sí `890) = 890`. Ẹ wá fi `f.flush()`, tó ń tú bọ́fà jáde lójú ẹsẹ̀, sábẹ́ write inú kóòdù yín, kí ẹ tún un ṣe: ọgọ́rùn-ún write ni ẹ ó rí, báìtì 8 tàbí 9 lẹ́ẹ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti rí i, `write(3, ...` ló sì wà níbẹ̀. Kí ni 3 yẹn? Àti pé tí mo bá ti pe flush, ṣé ó ti dé orí dísìkì nìyẹn?

Ìyá_Linux

Ọmọ mi, o béèrè ohun tó yẹ.

3 yẹn ni wọ́n ń pè ní file descriptor. Tí o bá ṣí fáìlì, kernel kì í gbé fáìlì lé ọ lọ́wọ́, nọ́ńbà ló ń fún ọ. Ó ní tábìlì kan fún ètò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà yẹn ló sì fi ń mọ èyí tí ò ń sọ nínú tábìlì náà. Ètò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tó ti wà ní ṣíṣí: 0 ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, 1 ni èsì ń gbà jáde, 2 ni ọ̀nà àṣìṣe. Èyí tó kéré jù lọ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ni kernel máa ń fúnni, ó sì kan 3.

Kernel tún ń tọ́jú ibi tí o kà dé nínú fáìlì náà, bí ìka tí òǹkàwé fi ń tẹ̀lé ìlà. O ka 100 báìtì, ìka sún síwájú ní 100. Tí o bá pe `f.read()` lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á fún ọ ní òfìfo. Kò sí ohun tó bàjẹ́, ó ti dé òpin ni. `f.seek(0)` ló ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti flush, rárá o. Ohun tí flush ṣe ni pé ó gbé báìtì kúrò nínú mẹ́mórì ètò rẹ, ó gbé e dé mẹ́mórì kernel, níbi tí wọ́n ń pè ní page cache. Láti ibẹ̀, ètò mìíràn lè kà á, o sì lè rí i nínú fódà. Ṣùgbọ́n orí dísìkì kọ́ ló wà. Kernel ló ń yan ìgbà tí yóò kọ ọ́ síbẹ̀. Lórí Linux, tí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ni báìtì lè wà níbẹ̀ kí kernel tó kà á sí èyí tó ti pẹ́ jù.

Mo fẹ́ kí èyí yé ọ dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù iṣẹ́ wọn. Tí ètò rẹ bá kú lójijì, ohun tó wà nínú bọ́fà rẹ̀ bá a kú, ṣùgbọ́n ohun tó ti dé page cache kò ní nǹkan kan ṣe, kernel ṣì wà láàyè. Tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá kú, page cache náà lọ. Ohun tó wà lórí dísìkì nìkan ló kù. Tí o bá fẹ́ kí ètò dúró títí báìtì á fi dé dísìkì:

```
f.flush()
os.fsync(f.fileno())
```

Kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀. fsync kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣì wà nínú bọ́fà Python, ohun tí kernel ti gbà nìkan ló mọ̀.

Aṣètò

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti "w". Nínú strace yẹn kan náà, ẹ wo ìlà openat ti fáìlì yín:

```
openat(AT_FDCWD, "akosile.txt", O_WRONLY|O_CREAT|O_TRUNC|O_CLOEXEC, 0666) = 3
```

O_TRUNC ni ìdáhùn. Ó ń sọ fún kernel pé kó gé fáìlì náà kù sí báìtì 0 bó bá ṣe ń ṣí i. Inú open ni ìparẹ́ ti ṣẹlẹ̀, kò kan write rárá. Ẹ lè ṣí i pẹ̀lú "w" kí ẹ sì tì í láìkọ nǹkan, ohun àtijọ́ ti lọ.

"a" kì í gé e. Ó ń lo O_APPEND, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé gbogbo write yóò lọ sí òpin fáìlì, ibi yòówù kí ẹ seek sí. "x" máa ń kọ̀ tí fáìlì bá ti wà, mo sì rò pé èèyàn ò lò ó tó bó ṣe yẹ. "r+" máa ń jẹ́ kí ẹ kà kí ẹ sì kọ láìgé nǹkan kan.

Ẹ wá pa èyí pọ̀ mọ́ ohun tí ìyá wa kọ sókè. Láti ìgbà tí ẹ ti pe `open(..., "w")` títí di ìgbà tí ohun tuntun bá dé dísìkì, ohun àtijọ́ kò sí mọ́, ohun tuntun kò sì tíì sí. Àyè yẹn léwu. Tí ó bá jẹ́ fáìlì tí ẹnì kan ń gbẹ́kẹ̀ lé ni, ẹ má kọ lé e lórí. Ẹ kọ ohun tuntun sínú fáìlì mìíràn nínú fódà kan náà, ẹ fsync rẹ̀, kí ẹ tó fi `os.replace` gbé e dípò ti àtijọ́. Lórí Linux, ìpààrọ̀ orúkọ yẹn kì í ṣe ìdajì. Ẹni tó bá ń kà á yóò rí ti àtijọ́ lódindi tàbí ti tuntun lódindi. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fódà kan náà torí pé ìpààrọ̀ orúkọ kò lè kọjá láti dísìkì kan sí òmíràn.

Lórí Windows, `os.replace` ṣiṣẹ́ bákan náà, àmọ́ tí ètò mìíràn bá ṣí fáìlì àtijọ́ sílẹ̀, ó sábà máa ń fún yín ní PermissionError.

Fún ìdí yìí, mo máa ń sọ pé kí èèyàn fsync gbogbo ohun tó bá kọ.

Ìyá_Linux

Aṣètò, mi ò bá ọ lọ sí "gbogbo". Tí ètò bá ń kọ ìlà kan sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún láàrin ìṣẹ́jú-àáyá, tó sì ń fsync ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á falẹ̀ débi pé kò ní ṣeé lò. Dísìkì á máa dúró gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí èèyàn gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé: tí kọ̀ǹpútà bá kú báyìí, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Iye owó, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ, ètò tí ẹnì kan yàn, fsync. Àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe, flush ti tó fún un.

Aṣètò

Mo gbà bẹ́ẹ̀, mà. Fún fáìlì tó jẹ́ ti òǹlò ni kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi.

Ìlà_Tuntun

Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè kẹta, òun ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo rẹ̀.

Kò sí lẹ́tà nínú fáìlì. Báìtì ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà láti 0 dé 255, lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí ibì kan nínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n kọ ọ́ sí pé báìtì báyìí dúró fún lẹ́tà báyìí. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ń kà á ló gbọ́dọ̀ ní àdéhùn kan náà. Àdéhùn yẹn là ń pè ní encoding.

Linux yín lo UTF-8, èyí tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992. Nínú UTF-8, lẹ́tà ọ di báìtì mẹ́ta: E1 BB 8D (hexadecimal ni mo fi kọ wọ́n, ìyẹn kíkọ nọ́ńbà lórí mẹ́rìndínlógún). Python orí Windows yẹn, nígbà tí ẹ kò sọ encoding fún un, lo Windows-1252, níbi tí báìtì kan ti jẹ́ lẹ́tà kan. Ó ka E1, ó ní "á". Ó ka BB, ó ní "»". Ó dé 8D, kò sí lẹ́tà kankan fún 8D nínú àdéhùn yẹn, ó sì pariwo. Láti 0 ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà báìtì kẹta ni position 2. Ọ inú "ọ̀rọ̀" ni ó kọ́kọ́ kọlù gẹ́lẹ́.

Ẹ dúpẹ́ pé ó pariwo. Ká ní "ẹ" nìkan ló wà nínú fáìlì yín ńkọ́? E1 BA B9 ni ẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní lẹ́tà nínú Windows-1252. Ẹ kò ní rí àṣìṣe kankan. "áº¹" ni yóò jókòó sí gbogbo ibi tí lẹ́tà "ẹ" wà, tí ètò yín bá sì tún fi UTF-8 kọ ọ́ padà, ìbàjẹ́ yẹn ti wọ inú fáìlì nìyẹn. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí lójú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dá mi lójú.

Ojútùú rẹ̀ kò gùn. Ẹ kọ ọ́ nígbà gbogbo, ní kíkà àti ní kíkọ:

```
open("oro.txt", encoding="utf-8")
```

Ohun kan ṣì kù tí ó kan àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ̀wé. Ọ̀nà méjì ni "ó" lè gbà wà nínú fáìlì: gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, C3 B3, tàbí "o" tí àmì òkè tẹ̀ lé, 6F CC 81. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n `==` yóò ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí ètò yín bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì tí kò rí ohun tí ojú yín rí, ẹ fi `unicodedata.normalize("NFC", oro)` sọ apá méjèèjì di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra. "ẹ́" ní tirẹ̀ kò ní àmì àdákọ kankan nínú Unicode, àkójọ àmì ìkọ̀wé tí UTF-8 ń sọ di báìtì. Lẹ́yìn NFC pàápàá, àmì méjì ló ṣì jẹ́, báìtì márùn-ún, `len` rẹ̀ á sì máa sọ pé 2. Ẹ má fi `len` gé ọ̀rọ̀ Yorùbá láìronú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Mo ka èyí lákàtúnkà. Ẹ ṣeun. Ó wá mú ìbéèrè méjì wá. Tí ó bá jẹ́ báìtì lásán ni, ṣé mo lè lo "r+" láti pààrọ̀ ìlà kan láàrin fáìlì? Àti pé kí wá ni "rb" wà fún?

ÒjòBáìtì

Fáìlì kò ní ìlà. Báìtì tí iye rẹ̀ jẹ́ 10, tó wà láàrin, ni a fohùn ṣọ̀kan láti máa pè ní òpin ìlà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà. Ẹ jẹ́ kí iye.txt ní ìlà mẹ́ta: 10, 20, 30. Báìtì mẹ́sàn-án. Ẹ fẹ́ sọ 20 di 2000:

```
with open("iye.txt", "r+b") as f:
    f.seek(3)
    f.write(b"2000")
```

Ẹ kà á padà. Ìlà méjì ni ẹ ó bá: 10, àti 20000. Báìtì mẹ́rin tí ẹ kọ bo "20" mọ́lẹ̀, ó bo òpin ìlà rẹ̀, ó sì jẹ "3" tó wà níwájú 30. Kernel kì í sún ohun tó kù síwájú láti fún yín láyè. Ó ń kọ lé e lórí ni. Nítorí náà, tí gígùn bá lè yí padà, ẹ ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣe àtúnṣe nínú mẹ́mórì, kí ẹ sì kọ odindi padà bí Aṣètò ṣe là á sílẹ̀. "r+" wúlò níbi tí gbogbo nǹkan ti ní ìwọ̀n kan náà, bíi fáìlì tí ohun kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ gba báìtì 64 gẹ́lẹ́. Níbẹ̀, ohun ìkẹwàá bẹ̀rẹ̀ ní báìtì 576, ẹ lè fò lọ síbẹ̀ tààrà.

Ìlà_Tuntun

"rb" ń sọ fún Python pé kó fún yín ní báìtì bó ṣe wà, kó má ṣe túmọ̀ ohunkóhun. Láìsí b, nǹkan méjì ló ń ṣe fún yín: ó ń sọ báìtì di lẹ́tà, ó sì ń sọ òpin ìlà Windows, 13 àti 10, di 10 nìkan. Ìyẹn dára fún ọ̀rọ̀. Fún àwòrán, ó ń ba nǹkan jẹ́.

Àwọn tó ṣe PNG, irú fáìlì àwòrán kan, mọ èyí. Báìtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú gbogbo fáìlì PNG ni 137 80 78 71 13 10 26 10. 80 78 71 ni lẹ́tà P, N, G. 13 10 wà níbẹ̀ fún ìdí kan: tí ètò kankan bá ti ka fáìlì náà bí ọ̀rọ̀ tó sì sọ 13 10 di 10, ẹni tó bá gbà á yóò mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó ti bàjẹ́. 10 tó kẹ́yìn ń ṣọ́ ìyípadà òdìkejì. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, 137 sì ju 127 lọ, tó jẹ́ ibi tí bíìtì méje mọ, nítorí náà ọ̀nà tó bá ń gé bíìtì kẹjọ dànù yóò hàn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí irú iṣẹ́ yìí, báìtì mẹ́jọ tí kò sí èyí tó wà níbẹ̀ lásán.

Aṣètò

Kí ẹ má sì gbàgbé `with`. Ó ń ti fáìlì kódà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ láàrin. Tí ẹ kò bá ń tì wọ́n, nọ́ńbà tí ìyá wa sọ á máa pọ̀ sí i, àyè tí ètò kan ní lórí ọ̀pọ̀ Linux sì jẹ́ 1024. Lẹ́yìn rẹ̀, "Too many open files".

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú èyí. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

```
import os

def fi_pamo(ibi, oro):
    tuntun = ibi + ".tmp"
    with open(tuntun, "w", encoding="utf-8") as f:
        f.write(oro)
        f.flush()
        os.fsync(f.fileno())
    os.replace(tuntun, ibi)
```

Ìyá_Linux

Ó dára gan-an. Ó ti yé ọ.

Ohun kan ni kí o wò: tí ètò yìí bá ń ṣiṣẹ́ ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì yóò máa kọ sínú .tmp kan náà, ọ̀rọ̀ wọn á sì dàrú mọ́ra. `tempfile.NamedTemporaryFile` ń fún ọ ní orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń lò ó. Fi `dir` sọ fódà tí fáìlì gidi wà fún un, kí o sì fi `delete=False` sí i kó má baà pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, mà, ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ òǹlò mìíràn lórí kọ̀ǹpútà yìí tó máa ń ka fáìlì náà tẹ́lẹ̀ kò lè kà á mọ́. "Permission denied" ló ń rí.

Ìyá_Linux

Tempfile ló fà á. Fún ààbò, ẹni tó dá fáìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló ní àṣẹ láti kà á àti láti kọ ọ́, 0600. Àṣẹ yẹn bá fáìlì tuntun lọ nígbà tó gba orúkọ àtijọ́. Kó tó di pé o pe `os.replace`, tí fáìlì àtijọ́ bá wà, fi `shutil.copymode(ibi, f.name)` da àṣẹ rẹ̀ sórí tuntun.